Káún Inú Ọ̀sà

Ẹsẹ̀ ni àwọn obìnrin etí ọ̀sà Ìkòròdú fi ń wá ìṣáwùrú, kì í ṣe ojú. Bí omi bá ti fà, obìnrin á ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, á wọ inú àbàtà, á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rìn nínú yàrá tí ọmọ ìkókó sùn sí. Ibi tí nǹkan bá ti gún un lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Kúbúrátù nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún báyìí, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ àbàtà náà ju bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ ojú ara rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìṣáwùrú kì í fi gún un bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún yìí, nínú oṣù Ààwẹ̀, ó tẹ ọ̀kan, ó gbọ́ tí nǹkan ṣe kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mú un sókè. Ìkarawun rẹ̀ ti fọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ó tún mú òmíràn, ó fún un láàárín ìka méjì, kò tilẹ̀ fi agbára sí i, ó rún. Ìkarawun tí ìyá rẹ̀ máa ń fi òkúta fọ́! Kúbúrátù wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnì kan ń wo òun. Ó sọ ọ́ padà sínú omi bí ẹni tó jí nǹkan.

Ó ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Àbàtà náà, ti ẹbí ni. Obìnrin ló ń jogún lílò rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, olórí ẹbí á wá láti Ẹ̀pẹ́ wá wò ó. Obìnrin tó ń lò ó á wọ inú omi lójú rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ wá, á máa bu ohun tó bá rí sínú igbá. Bí igbá bá kún, àbàtà wà láàyè, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí igbá ò bá kún, àbàtà ti kú nìyẹn, ẹbí á gbà á padà. Ìyá Kúbúrátù bu igbá kún lọ́dọọdún títí tó fi kú. Kúbúrátù náà ti ń bù ú kún láti ìgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́dún tó kọjá, ó pẹ́ nínú omi kó tó kún, ó sì fi ẹrẹ̀ díẹ̀ tẹ́ ìdí igbá. Ìyẹn náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún yìí, àwọn oníyanrìn ti ń bọ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà ni. Wọ́n ti kó páìpù wọn sí èbúté, ojú wọn sì wà lára kọ̀rọ̀ tí àbàtà náà wà. Wọ́n ti fa àgbò lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ bá Alàgbà Bísíríyù, àbúrò ìyá Kúbúrátù, òun ni olórí ẹbí. Bàbá náà dá wọn lóhùn pé, "Bí àbàtà bá wà láàyè, ẹ má dé ibẹ̀. Bó bá ti kú, ẹ padà wá ká jọ sọ̀rọ̀." Ó ní ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé Ìtúnu Ààwẹ̀ lòun máa wá wò ó.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù.

Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń wá wọn omi wò ní ọjọ́ Sátidé. Dùnsìn lorúkọ rẹ̀. Ó ń gbé nínú ẹ́síteètì tó wà lẹ́yìn ọ̀nà ńlá, ọ́fíìsì kan ní ìgboro Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Á gbé bàtà òjò wọ̀ dé orúnkún, á ti ẹ̀rọ kékeré kan bí tẹmómítà bọ inú omi, á kọ nǹkan sínú ìwé. Kúbúrátù kọ́kọ́ rò pé alamí àwọn oníyanrìn ni, kì í dáhùn ju kíkí lọ. Ṣùgbọ́n ní Sátidé yìí, ó dúró dè é.

"Ẹ káàsán, Mà."

"Káàsán, àǹtí oníbàtà òjò. Gbogbo Sátidé ni bàtà rẹ ń mọ́. Ṣé ò ń lá a ni?"

Dùnsìn bú sẹ́rìn-ín. Kúbúrátù ò rẹ́rìn-ín. Ó la ọwọ́ rẹ̀, ìkarawun tó rún wà nínú rẹ̀. "Kí ló ń ṣe wọ́n?"

Ọmọbìnrin náà lóṣòó. Ó fi ìka tú u wò, ẹ̀rín ojú rẹ̀ sì lọ. "Ohun tó ń ṣe wọ́n, ó jìnnà síbí, Mà. Èéfín tó ń jáde lára mọ́tò, lára jẹnẹrétọ̀, lára àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá káàkiri ayé, afẹ́fẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù. Kì í ṣe ojú ọ̀run nìkan ló ń lọ. Òkun ń mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí òkun bá ṣe ń mu ún, bẹ́ẹ̀ ni omi á máa kan. Òkun yẹn náà ló sì ń wọ inú ọ̀sà wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Mo ti tọ́ ọ wò. Kò kan. Iyọ̀ ló ní."

"Ahọ́n ò lè mọ̀ ọ́n, Mà, ó kéré. Ṣùgbọ́n ìṣáwùrú mọ̀ ọ́n. Inú omi ló ti ń ṣa ohun tó fi ń mọ ilé sí ara rẹ̀. Bí omi bá ti kan, ohun tó fẹ́ ṣà á wọ́n. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀, ìkarawun wọn ò ní le. Èyí tó ti dàgbà, omi á máa jẹ ẹ́ lára. Ìdọ̀tí tí à ń dà sí i láti ìlú tún ń dá kún un. Kì í ṣe ìṣáwùrú nìkan o. Akàn, edé, gbogbo ohun tó bá ti ń gbé inú èèpo."

Kúbúrátù rò ó. Kò ní mọ́tò. Kò ní jẹnẹrétọ̀. Iná tí òun ń dá ò ju èyí tó fi ń yan ẹja lọ. "Ta wá ló ń dáná náà?"

"Gbogbo wa la ń dá a, Mà. Àmọ́ àwọn ìlú ńláńlá òkè òkun ni tiwọn pọ̀ jù."

"Wọn ò sì mọ àbàtà mi."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n, Mà."

Ẹ̀rù ń ba Kúbúrátù láti béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má baà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo ẹ̀yìn kó tó sọ ọ́. "Bí tòmátì bá kan jù, káún la máa ń fi pa á. Ṣé káún ò lè pa kíkan omi?"

"Ẹ̀yin ìyá wa!" Inú Dùnsìn dùn, ó pàtẹ́wọ́. "Òtítọ́ lẹ sọ o. Iṣẹ́ kan náà ni. Káún ń pa kíkan. Ṣùgbọ́n ọ̀sà kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀, Mà. Àpò mélòó lẹ máa rà?" Fóònù rẹ̀ dún, ó dìde, ó ń sọ̀rọ̀ sí i bó ṣe ń lọ.

Ẹni tó ń wá ọ̀nà kì í gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Káún ń pa kíkan: èyí ni Kúbúrátù gbé délé. Ó fi sùn, ó fi jí ṣe sààrì. Lóòótọ́, ọ̀sà kì í ṣe ìkòkò. Ṣùgbọ́n àbàtà tòun kì í ṣe gbogbo ọ̀sà. Bí omi bá fà tán, èyí tó máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀ ò ju yàrá méjì lọ, kò sì mu èèyàn ju ojúgun lọ. Bí òun bá fi tapólì ká a, tí òun fi àpò iyanrìn tẹ ìdí rẹ̀, omi ò ní jáde. Ṣé kò ti di ìkòkò nìyẹn?

Ní Ìkòròdú Gáréèjì, obìnrin tó ń ta káún wo òkè wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Àpò odidi kan? Ìyá, ṣé gbogbo Ìkòròdú lẹ fẹ́ se ẹ̀wà ìṣínu fún ni?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ojú Kúbúrátù ń wá ẹni tó mọ òun láàárín wọn. "Ẹ̀wà ilé wa le," ló sọ, ó sì ní kí oníkẹ̀kẹ́ bá òun gbé e.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó ká tapólì mọ́ àbàtà náà, ó ní òun fẹ́ fi dènà ìdọ̀tí tó ń léfòó bọ̀. Lẹ́yìn ìrun Àílà, oòrùn mú, ààwẹ̀ ti mú kí ọwọ́ gbogbo èèyàn rọ, wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ òjìji. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó sí etí omi. Adéòjó ni, bàbá arúgbó ará Ìlàjẹ tí àwọn oníyanrìn fi ń ṣọ́ páìpù wọn. Làtífù, ọmọ ẹ̀gbọ́n Kúbúrátù, ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí i. Kúbúrátù máa ń kí i bí kò bá sí ẹni tó ń wò.

Ó ti gún káún kúnná. Ó ti kó eérú ibi tó ti ń yan ẹja mọ́ ọn, nítorí eérú náà ń pa kíkan, ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní "Bísímílà," ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Garawa kan, garawa méjì. Ó fi ẹsẹ̀ rò ó bí ẹni ń ro ògì. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí omi ọṣẹ. Ó rò pé oore nìyẹn. Ó rò pé omi ti ń rọ̀, bí ẹ̀wà ṣe ń rọ̀. Ó da ìyókù sí i, ó gbọn ìdí àpò.

Nígbà tó gbójú sókè, Adéòjó ń wò ó láti abẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè kí i. Òun náà gbé ọwọ́ sókè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìfóòfó funfun ti bo ojú omi. Ẹja wẹ́wẹ́ méje tàbí mẹ́jọ ti yí ikùn sókè. Ó kó wọn pamọ́ sínú ìró rẹ̀, ó gbé wọn lọ rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹja ni, ẹja kì í ṣe ìṣáwùrú. Ní ọjọ́ kejì Ìtúnu, òórùn ti dé. Ó ti ẹsẹ̀ bọ inú àbàtà. Gbogbo ìṣáwùrú ló ti ṣí ìlẹ̀kùn. Ẹran wọn jáde, ó rọ̀ dirodiro, bí ahọ́n ẹni tí òùngbẹ pa kú. Àgbà wọn, ọmọ wọn, tínrín wọn, líle wọn.

Ó fa tapólì ya. Omi mímọ́ wọlé, ó ṣàn lórí wọn, kò jí ẹyọ kan. Wọ́n gbé ẹran ọdún fún un nílé, ó ní eyín ń dun òun.

Alàgbà Bísíríyù dé ní ọjọ́ Àìkú, ó gba ọ̀nà Àgbọ̀wà wá nínú mọ́tò Làtífù. Ẹni ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá lọ́wọ́, fìlà funfun lórí. Bó ṣe rí Kúbúrátù, ó dúró. "Ìwọ yìí, o mà rù o. Ṣé ààwẹ̀ ò tíì tú ọ sílẹ̀ ni?"

"Ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ yá, Bàbá. Ẹ kú ọdún."

"Ọdún á yabo. Wọ inú omi ká rí i, kí n tètè padà. Ìyàwó mi ní tí mo bá pẹ́, òun á jẹ orí àgbò mi."

Làtífù rẹ́rìn-ín. Kúbúrátù gba igbá. Ó wọ inú omi. Ó ń tẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń bù. Kò pẹ́ rárá. Láti ọdún mẹ́ta, kò tíì yá bẹ́ẹ̀ rí, nítorí àwọn òkú ò sá wọ inú ẹrẹ̀ mọ́, orí ilẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sí. Igbá kún. Ó gbé e wá síwájú bàbá náà lórí eékún rẹ̀.

Alàgbà Bísíríyù na ọwọ́ sí i, òórùn rẹ̀ sì lu imú rẹ̀. Ó bo imú. Ó fi orí ọ̀pá tú igbá náà.

"Igbá kún," ló sọ. "Òkú ló kún un."

"Wọ́n ti da májèlé sí i!" Làtífù pariwo. "Mo sọ fún yín, àbí mi ò sọ? Àwọn oníyanrìn ti wá pa á, kí ẹ lè sọ pé ó ti kú!" Kó tó sọ tán, ó ti sáré dé abẹ́ àtíbàbà, ó ti fa Adéòjó lọ́rùn ẹ̀wù, ó ń wọ́ ọ bọ̀. Fìlà bàbá arúgbó náà bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Ojú Alàgbà Bísíríyù pọ́n. Kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. "Bó bá jẹ́ májèlé tiwọn ni," ó ní, "mo fi Ọlọ́hun búra, wọn ò ní fi ẹsẹ̀ kan ibí yìí títí ẹ ó fi sin mí. Àbàtà tí wọ́n pa kò kú. Ṣíṣe ni wọ́n ṣe é. Ti Kúbúrátù ni, á wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ìṣáwùrú á fi padà hù níbẹ̀."

Kúbúrátù gbọ́ ọ. Á wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ohun tó wá káún lọ sí Gáréèjì nítorí rẹ̀, òun nìyí, ó délẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò sí ohun tó kù tó máa ṣe ju kó pa ẹnu mọ́ lọ.

"Ta ló dà á?" Làtífù ń mi Adéòjó bí ẹni ń mi igi ọsàn. "Ìwọ lò ń ṣọ́ ibí tọ̀sán tòru. Ta lo rí?"

Arúgbó náà gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ kọjá lórí Làtífù, ó kọjá lórí Alàgbà, ó dé ara Kúbúrátù, ó dúró díẹ̀ síbẹ̀, ó sì kúrò. "Èmi ò rí nǹkan kan," ló sọ.

Làtífù gbá a létí. Ariwo ìgbátí náà kéré, bí ìgbà tí ẹja bá ta lórí omi. "O ò rí nǹkan kan?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àjẹ̀ ọkọ̀ kan nílẹ̀, ó gbé e sókè.

"Làtífù." Kúbúrátù ló pè é. Ó tún un pè. "Làtífù, fi í sílẹ̀."

"Ẹ kúrò níbẹ̀, Àǹtí mi."

"Fi í sílẹ̀. Èmi ni."

Kò yé wọn. Ó ní láti tún un sọ, ẹ̀ẹ̀kejì sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Èmi ni mo dà á. Kì í ṣe májèlé. Káún ni. Káún àti eérú."

Ẹnu Làtífù là. Lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dáa. "Káún? Káún ẹ̀wà?"

"Omi ló kan. Wọ́n ní omi ti kan, ó ń jẹ wọ́n lára. Mo ní kí n pa kíkan rẹ̀."

"Ta ló tọ́ ọ wò?" Alàgbà Bísíríyù bi í.

Ó fẹ́ ṣàlàyé. Ó fẹ́ sọ èéfín, ó fẹ́ sọ òkun tó ń mu ún, ṣùgbọ́n bó ṣe yé e lẹ́nu Dùnsìn kọ́ ló ń wá sí ẹnu rẹ̀. "Wọ́n ń rún lọ́wọ́ mi, Bàbá. Kí n tó da nǹkan kan sí i, wọ́n ti ń rún. Ẹ fún ọ̀kan wò."

Bàbá náà mú ọ̀kan nínú igbá. Ó fi àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àwọn ìka arúgbó tí kò lágbára mọ́. Ó rún. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà rún. Ó wo lẹ́búlẹ́bú funfun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò wá bá mi?"

"Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ó gbà á lọ́wọ́ mi."

"Mo ti gbà á báyìí." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó gbọn ọwọ́ nù, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó mú fìlà Adéòjó nínú ẹrẹ̀, ó sì gbé e fún un. "Ẹ forí jì wá, bàbá. Ọmọdé ló ń ṣe é." Ó yíjú sí Kúbúrátù, kò wo ojú rẹ̀. "Ìbá ṣe pé díẹ̀ ló kù níbẹ̀, mi ò ní ka iye rẹ̀. Ìyá rẹ náà máa ń fi ẹrẹ̀ tẹ́ ìdí igbá nígbà mìíràn. Ǹjẹ́ mo sọ̀rọ̀?"

Ìyẹn ló mú kó jókòó sínú omi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n to páìpù dé kọ̀rọ̀ náà. Dùnsìn wá ní Sátidé. Adéòjó ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ Kúbúrátù, nítorí bó ṣe ń bọ̀, ó ti ń sunkún. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. "Mà, eré ni mo ń ṣe. Mi ò mọ̀ pé ẹ ó..."

"Dìde. Mi ò bá ọ jà." Ó ti ń ro ìbéèrè kan láti ọjọ́ mẹ́fà, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè bi í. "Sọ òótọ́ fún mi. Ká ní mi ò da nǹkan kan sí i. Ṣé wọn ìbá yè?"

Dùnsìn nu imú. Ó wo omi, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Ó hàn pé ó ń wá irọ́ tó dáa, kò sì rí i. "Lọ́dún yìí, wọn ìbá yè, Mà. Èyí tó ń bọ̀, mi ò lè sọ. Bó ṣe ń lọ yìí, wọ́n ń dín kù."

"Ọdún kan."

"Bóyá méjì, Mà. Bóyá mẹ́ta."

Kúbúrátù mi orí. Ọdún kan, bóyá mẹ́ta. Ó yípo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí egungun ẹja tí èèyàn ò fẹ́ gbé mì. Ní ọ̀ọ́kán, ẹ̀rọ àwọn oníyanrìn wú ikọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Omi kọ̀rọ̀ náà mì, ó pọ́n, ó sì dúdú. Dùnsìn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn máa lọ. Kúbúrátù ò lọ. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú omi dé ojúgun, ó dúró níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ilẹ̀, títí tí ilẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀.